Ajá Tí Jemima Ń Bọ́

Ọjọ́bọ̀, 2 Oṣù Kẹwàá 2025

Ọ̀gẹ̀dẹ̀ tún ti gbówó lórí. Ìdì tí a rà ní ẹgbẹ̀rún mẹ́rin náírà lọ́sẹ̀ tó kọjá ti di ẹgbẹ̀rún márùn-ún ààbọ̀, kò sì tóbi. Bí ọ̀gẹ̀dẹ̀ bá ti wọ́n báyìí, ojú Ìyá Fọláṣẹwà, ọ̀gá wa, kì í ṣeé wò. Láti àárọ̀ ni wọ́n ti ń yẹ inú atẹ dòdò wò bí ẹni pé àwa la jẹ ẹ́. Sàlámọ̀tù tí a jọ ń dín in sọ sí mi létí pé, "Má rẹ́rìn-ín o. Ẹni tó bá rẹ́rìn-ín lónìí ló máa ra ọ̀gẹ̀dẹ̀ ọ̀la."

Jemima ha èérún tó jó mọ́ ìdí agbada, ó gbé e sórí ewé fún Sójà lẹ́yìn ilé ìdáná. Sójà kì í ṣe ajá ẹnì kan. Ó kàn ń sùn síbẹ̀ ni, tí àwọn ọlọ́kadà bá ti gbéra, á sáré tẹ̀ lé wọn dé etí títì Ìbàdàn, á sì padà wá. Jemima nìkan ló ń bọ́ ọ. Ọmọ ọdún mẹ́sàn-án ni. Láti Ìkòyí tó wà nítòsí Àpòmù ni wọ́n ti mú un wá lẹ́yìn Àjíǹde, wọ́n ní ọ̀dọ̀ ọ̀gá wa ni yóò ti máa lọ sílé ìwé. Mi ò tí ì rí báàgì ìwé lọ́rùn rẹ̀ rí. Ìgbálẹ̀ ni mo ń rí lọ́wọ́ rẹ̀.

Ọjọ́ Àbámẹ́ta, 4 Oṣù Kẹwàá

Mo fẹ́ kọ ọ́ bó ṣe rí gan-an, kó má bàa yí padà lórí mi.

Dòdò kan fọ́ nínú atẹ. Jemima mú un, ó jù ú sí Sójà. Kì í ṣe èérún, dòdò gidi ni. Ìyá Fọláṣẹwà rí i. Wọn ò pariwo. Wọ́n ní, "Jemima, mú ọwọ́ wá." Ọmọ náà rò pé wọ́n fẹ́ fún òun ní nǹkan. Ó kúnlẹ̀, ó sì na ọwọ́ méjèèjì, bí ọmọ tí a kọ́. Wọ́n yọ síbí oníhò láti inú epo tó ń hó, wọ́n sì tẹ̀ ẹ́ mọ́ àtẹ́lẹwọ́ ọ̀tún rẹ̀. Wọn ò tètè gbé e kúrò. Wọ́n ní, "Ọwọ́ tó ń fi ọjà mi bọ́ ajá nìyí."

Sàlámọ̀tù ké pe Allah. Sójà sá. Èmi ni mo fa Jemima sídìí kẹ́ẹ̀gì, tí mo ń da omi sí i lọ́wọ́. Kò tilẹ̀ sunkún lójú ẹsẹ̀. Ó ń wo ọwọ́ náà bí ẹni pé ti ẹlòmíràn ni.

Wọ́n ní kí a fi ọṣẹ ìfọyín pa á lọ́wọ́, kí a sì padà sídìí iṣẹ́, pé àwọn oníbàárà ń bọ̀ láti Ifẹ̀.

Láti òní lọ mi ò ní bu ọlá fún obìnrin yìí nínú ìwé yìí mọ́. Lẹ́nu, mo ṣì ń sọ pé "ẹ káàárọ̀, mà".

Ọjọ́ Àìkú, 5 Oṣù Kẹwàá

Àárọ̀ yìí ni obìnrin náà tó gbé ọmọ lọ sí ilé ìwòsàn, nítorí ọwọ́ náà ti wú. Ó ní kí n tẹ̀ lé òun kí n gbé ọmọ. Ó sọ fún nọ́ọ̀sì pé, "Epo ló ta sí i. Ọmọ yìí kì í jókòó jẹ́ẹ́, mà." Ó wọ aṣọ funfun ṣọ́ọ̀ṣì, wọ́n sì ń pè é ní Ìyá Ìjọ láti ẹnu ọ̀nà títí dé inú wọ́ọ̀dù.

Nígbà tó lọ san owó káàdì, mo sún mọ́ nọ́ọ̀sì náà, Màdáàmù Edith. Mo ní, "Mà, kò ta sí i."

Wọn ò gbé ojú sókè. "Mo rí i, ọmọ mi. Epo tó bá ta kì í yí róbótó, kì í sì ní ihò ihò nínú."

"Kí ni ẹ máa kọ, mà?"

"Màá kọ pé epo gbígbóná ni. Ṣé irọ́ ni?" Wọ́n ń we bándéèjì lọ. "Ọdún méjì ló kù kí n fẹ̀yìn tì. Kóòtù kọ́ ni mo fẹ́ lò ó sí."

Mo jáde lọ dúró sídìí igi máńgòrò.

Ọjọ́ Ajé, 6 Oṣù Kẹwàá

Lẹ́yìn iṣẹ́, kí n tó wọ ọkọ̀ padà sílé wa ní Àpòmù, mo yà sí àgọ́ ọlọ́pàá Ìkirè. Kọ́púrà kan ń jẹ ẹ̀pà lórí káńtà. Mo sọ gbogbo rẹ̀. Ó gbọ́ mi dé òpin, ìyẹn ló tún dùn mí jù.

"Ṣé ìwọ ni màmá ẹ?"

"Rárá, sà."

"Ṣé o bá wọn tan?"

"Rárá, sà."

"Kí wá ni tìẹ? Àbí ọ̀gá ẹ jẹ ẹ́ lówó oṣù?" Ó rẹ́rìn-ín, ó sì bó ẹ̀pà mìíràn. "Sista, ìbáwí ọmọ nìyẹn. Ó kàn le díẹ̀ ni. Kí àwọn òbí ẹ̀ wá fúnra wọn."

Ọjọ́bọ̀, 9 Oṣù Kẹwàá

Sójà já ẹran gbà lára ọ̀kadà Àbídì, ọ̀kan nínú àwọn ọlọ́kadà tó máa ń sáré tẹ̀ lé. Kílò méjì ni wọ́n ní ó rà, fún ìkómọ ẹ̀gbọ́n rẹ̀. Àbídì fa àdá yọ, ó sì gé e lẹ́sẹ̀ ẹ̀yìn, gé e já pátápátá. Igbe ajá náà dé ibi agbada. Mo sáré jáde, mo rí ẹsẹ̀ náà nílẹ̀. Mi ò ní gbàgbé rẹ̀.

Ẹnì kan ti yà á sí fóònù. Kí oòrùn tó wọ̀, gbogbo Ìkirè ti rí i. Wọ́n bọ́ aṣọ lára Àbídì, wọ́n nà án títí tó fi ń sọ̀rọ̀ bí ọmọdé. Àwọn ọlọ́kadà ẹgbẹ́ rẹ̀ ń pariwo pé, "Wicked man! Make dem cut him own!" Kọ́púrà ọjọ́ sí ni ó kọ́kọ́ fò sílẹ̀ nínú ọkọ̀ ọlọ́pàá, ó ń sáré, fìlà rẹ̀ lọ́wọ́. Mi ò mọ̀ pé ó lè sáré.

Obìnrin yẹn jáde láti ilé ìdáná. Ó jókòó sílẹ̀ẹ́lẹ̀ nínú eruku, ó gbé orí Sójà lé itan. Ẹkún ni. "Ajá tí mò ń bọ́! Ọwọ́ ara mi yìí ni mo fi ń bọ́ ọ o!" Wọ́n kọjú fóònù sí i. Ó na ọwọ́ náà kí wọ́n rí i.

Sàlámọ̀tù wò mí, mo wo Sàlámọ̀tù.

Ọjọ́ Ẹtì, 10 Oṣù Kẹwàá

Fídíò náà ti kárí ayé. Mo ka ohun tí àwọn èèyàn kọ sábẹ́ rẹ̀ títí ojú fi ń ta mí. Kí wọ́n gé ẹsẹ̀ Àbídì náà. Kí ó kú sẹ́wọ̀n. Ọlọ́run yóò bi í. Wọ́n ń gbàdúrà fún "Màmá oníwà tútù tó gbé ajá náà lé itan". Ẹnì kan láti Kánádà fẹ́ mọ ibi tí wọ́n ti ń ra dòdò rẹ̀.

Àwọn ẹgbẹ́ tó ń tọ́jú ẹranko dé láti Èkó ní ọ̀sán, àwọn àti dókítà ẹranko. Wọ́n fi aṣọ funfun tó mọ́ di Sójà, wọ́n rọra gbé e sínú ọkọ̀ tó ní ẹ̀rọ amúlétutù. Ọ̀gá wọn, Àǹtí Tèmídayọ̀, ń sunkún, ẹkún gidi ni. Mo dúró tì wọ́n títí wọ́n fi rí mi.

Mo ní, "Àǹtí, ọmọ kan wà nílé ìwòsàn. Wọ́n jó o lọ́wọ́. Òun ló ń bọ́ ajá yìí."

Ojú wọn yí. Wọ́n di ọwọ́ mi mú. "Háà, àbúrò mi. Àánú ṣe mí. Ṣùgbọ́n ẹranko nìkan ni tiwa. A ò láṣẹ lórí ọmọ. Ẹ lọ sọ fún ọlọ́pàá."

Mi ò lè bínú sí wọn. Wọ́n kúkú wá fún ohun tí wọ́n wá fún.

Nígbà tí mo sọ fún Sàlámọ̀tù, ó ní, "Ìfẹ́, tó o bá fẹ́ kí wọ́n gbọ́ ẹ, lọ so ìrù mọ́ Jemima nídìí."

Ọjọ́rú, 15 Oṣù Kẹwàá

Adájọ́ ju Àbídì sẹ́wọ̀n oṣù mẹ́fà. Èèyàn kún inú kóòtù dé ìta. Ẹnikẹ́ni ò bẹ̀bẹ̀ fún un. Ìyá rẹ̀ gan-an dúró lẹ́bàá ògiri, ó fi ìborùn bo ẹnu.

Mi ò sọ pé kí wọ́n má jù ú. Mo rí ẹsẹ̀ yẹn. Ṣùgbọ́n ọjọ́ mẹ́fà péré ni wọ́n fi rí ẹjọ́ ajá dá. Ti Jemima, wọn ò tí ì kọ orúkọ rẹ̀ sílẹ̀ níbì kankan àfi lára káàdì ilé ìwòsàn.

Dòdò tà lónìí ju ti ọjọ́ ọdún lọ. Àwọn èèyàn ń dá ọkọ̀ dúró láti bá obìnrin yẹn ya fọ́tò.

Ọjọ́ Ẹtì, 17 Oṣù Kẹwàá

Màámi wọlé pẹ̀lú eruku Ìkòyí lẹ́sẹ̀. Ẹgbẹ́ àwọn obìnrin ṣọ́ọ̀ṣì wa, níbi tí obìnrin yẹn ti jẹ́ Ìyá Ìjọ, ló bá àwọn alàgbà lọ bẹ bàbá Jemima. Mi ò mọ̀ pé Màámi wà lára wọn.

"Àpò ìrẹsì kan la gbé lọ," ni wọ́n wí, wọ́n ń bọ́ gèlè. "Iṣu, epo, àti àpòòwé kan. Ọkùnrin náà ò tilẹ̀ wo ìyẹn. Barnabas ni wọ́n ń pè é, ọkùnrin jẹ́ẹ́jẹ́ẹ́, oko ló ti ń bọ̀. Bí Alàgbà Olúsànyà ṣe rí i, wọ́n dọ̀bálẹ̀ gbalaja. Gbogbo ọkùnrin yòókù náà sì dọ̀bálẹ̀. Wọ́n ní àwọn ò níí dìde títí yóò fi sọ pé òun ti gbọ́."

"Kí ni wọ́n sọ fún un pé ó ṣẹlẹ̀?"

"Pé epo ta."

"Màámi, mo ti sọ fún yín pé epo ò ta."

Wọ́n ń ká gèlè náà. "Alàgbà Olúsànyà bí irú ẹ̀ lọ́mọ. Irun orí wọn funfun nínú erùpẹ̀ yẹn. Kí lo fẹ́ kí ọkùnrin náà ṣe? Kó fi àgbà sílẹ̀ nílẹ̀, kó máa lọ? Gbogbo Ìkòyí ló ń wò. Omi bọ́ lójú rẹ̀, ó ní òun ti gbọ́, kí wọ́n jọ̀ọ́ dìde."

"Jemima ńkọ́?"

"Ó máa padà sọ́dọ̀ ọ̀gá yín. Ọ̀gá yín ní òun máa rán an nílé ìwé gidi wàyí. Ọjọ́ Àìkú tó ń bọ̀ lọ́hùn-ún ni ìdúpẹ́. Bàbá ẹ̀ máa wá fà á lé e lọ́wọ́ níwájú ìjọ."

Mo dìde kúrò níbẹ̀. Mi ò jẹ ẹ̀bà wọn. Wọ́n ké tẹ̀ lé mi pé, "Ìfẹ́olúwapọ̀! Tí ọ̀gá yín bá lé ẹ lẹ́nu iṣẹ́, ta ló máa gbà ẹ́? Ṣé o rí iṣẹ́ mìíràn láti ìgbà tó o ti ṣe wáẹ̀kì?"

Ọjọ́ Ìṣẹ́gun, 21 Oṣù Kẹwàá

Mo lọ wo Jemima nílé ìwòsàn. Wọn ò sọ ọ̀rọ̀ Sójà fún un.

"Àǹtí Ìfẹ́, ṣé Sójà ti jẹun?"

"Ó ti jẹun. Ẹran ni wọ́n ń fún un báyìí."

"Ẹran!" Ó rẹ́rìn-ín. Lẹ́yìn náà ó ní, "Wọ́n ní ọjọ́ Àìkú ni mo máa padà sọ́dọ̀ Màmá." Ó ń fi ọwọ́ òsì yí etí bẹ́ẹ̀dì-ṣíìtì. "Tí wọ́n bá ní kí n mú ọwọ́ wá, èwo ni kí n mú wá?"

Ọjọ́ Àbámẹ́ta, 25 Oṣù Kẹwàá

Òjò ńlá, a rò pé ó ti lọ fún ọdún yìí. Mo fọ aṣọ funfun mi. Kò gbẹ. Màá wọ̀ ọ́ bẹ́ẹ̀.

Ọjọ́ Àìkú, 26 Oṣù Kẹwàá

Ṣọ́ọ̀ṣì kún fọ́fọ́. Àpò ìrẹsì mìíràn wà níwájú pẹpẹ, pẹ̀lú jẹ́ríkán epo kan. Jemima wọ aṣọ tuntun aláwọ̀ búlúù tí obìnrin yẹn rà fún un, bándéèjì tuntun sì wà lọ́wọ́ rẹ̀. Bàbá rẹ̀ jókòó tì í. Ó ti di gbogbo bọ́tìnnì ṣẹ́ẹ̀tì rẹ̀ dé ọrùn.

Obìnrin yẹn jẹ́rìí. Ó mọ ọ̀rọ̀ sọ. "Epo ta, ẹ̀yin ará, ṣùgbọ́n ẹnu èèyàn ta jù ú lọ!" Wọ́n rẹ́rìn-ín. "Gbogbo yín lẹ rí mi nínú fídíò. Ẹni tó ń sunkún nítorí ajá, ṣé òun ló máa wá jó ọmọ ọlọ́mọ?" Wọ́n pariwo Halleluyah. Wọ́n ní kí Jemima bọ́ síwájú, kó sọ pé òun ti dárí jì í. Ó sọ ọ́. Mi ò gbọ́ ohùn rẹ̀, ẹnu rẹ̀ nìkan ni mo rí tó ń mì.

Wòlíì ní, "Ẹ̀rí mìíràn ńkọ́?"

Mo dìde. Màámi di aṣọ mi mú látẹ̀yìn, mo fà á yọ. Mo dá orin kúkúrú kan, wọ́n gbè é torí wọn ò mọ ohun tó ń bọ̀. Wòlíì kì í jẹ́ kí wọ́n dá ẹlẹ́rìí dúró. Lọ́dún tó kọjá ó lé akọrin kan jáde nítorí ó lu agogo mọ́ ẹ̀rí Ìyá Bólúwají. Ìyẹn nìkan ni mo gbẹ́kẹ̀ lé.

Mo ní, "Mo dúpẹ́ lọ́wọ́ Ọlọ́run tó fún mi lójú. Mo wà nídìí agbada lọ́jọ́ náà. Epo ò ta. Ìyá Ìjọ ní kí Jemima mú ọwọ́ wá. Ó kúnlẹ̀, ó na ọwọ́ méjèèjì. Wọ́n yọ síbí oníhò nínú epo, wọ́n sì tẹ̀ ẹ́ mọ́ ọn lọ́wọ́. Torí ó fún ajá ní dòdò ni. Ajá tí ẹ rí nínú fídíò. Jemima ló ń bọ́ ọ."

Ẹnì kan ké pé, "Ẹ mú un sọ̀kalẹ̀!" Alágogo gbé ọ̀pá sókè, ó wo Wòlíì. Wòlíì ń wo ilẹ̀. Obìnrin yẹn ní ẹ̀mí òkùnkùn ló ń lò mí, láti ọjọ́ tí òun ti gbà mí síṣẹ́ ni òun ti mọ̀.

Bàbá Jemima ò wo ẹnikẹ́ni nínú wa. Ó fa ọwọ́ ọmọ rẹ̀ sọ́dọ̀ ara rẹ̀, ó bẹ̀rẹ̀ sí í tú bándéèjì náà, díẹ̀díẹ̀. Ó gbé àtẹ́lẹwọ́ náà sí ìmọ́lẹ̀ fèrèsé. Ó pẹ́ tó fi ń wò ó. Àwọn tó wà níwájú náà rí i, ọ̀kan nínú wọn sì yíjú sẹ́gbẹ̀ẹ́.

Ó bi ọmọ rẹ̀ pé, "Ṣé bó ṣe wí ni?"

Jemima mi orí pé bẹ́ẹ̀ ni.

Ó lọ́sọ̀ọ́. "Gùn mí lẹ́yìn." Ọmọ ọdún mẹ́sàn-án, ẹsẹ̀ rẹ̀ fẹ́rẹ̀ẹ́ kanlẹ̀.

Alàgbà Olúsànyà sáré dé ẹnu ọ̀nà kí bàbá àti ọmọ tó débẹ̀. Wọ́n dọ̀bálẹ̀ tòun taṣọ funfun, wọ́n dí ọ̀nà. "Barnabas, mi ò níí dìde. Nítorí Ọlọ́run. Mi ò níí dìde."

Ọkùnrin náà dúró. Mo rí i tí ọrùn rẹ̀ ń lágùn.

Ó ní, "Ẹ má bínú, bàbá."

Ó sì gba ẹ̀gbẹ́ wọn kọjá. Kò mú ìrẹsì. Bàbá àgbà náà ṣì wà nílẹ̀ nígbà tí àwọn akọrin bẹ̀rẹ̀ orin.

Ọjọ́ Ajé, 27 Oṣù Kẹwàá

Wọ́n ní kí n má wá síbi iṣẹ́ mọ́. Sàlámọ̀tù ló gbé ṣọ́ọ̀lù mi wá fún mi lẹ́nu ọ̀nà. Ó di dòdò méjì sínú rẹ̀. Mo ju dòdò náà sígbó. Ó wá dùn mí, torí Sàlámọ̀tù ló dín in.

Ọjọ́bọ̀, 30 Oṣù Kẹwàá

Ní Àpòmù, ẹni tí wọ́n ń bínú sí báyìí ni Bàbá Jemima. Ó fi àgbà sílẹ̀ nílẹ̀. Ìyẹn ni wọ́n ń sọ nídìí ẹ̀rọ ọlọ, ìyẹn ni wọ́n ń sọ nínú ọkọ̀. Wọ́n ní irú ìwà yẹn burú. Èmi, wọ́n ní mo ya aláìmoore. Obìnrin yẹn ṣí ilé ìdáná lónìí, ìlà àwọn tó fẹ́ rà gùn dé títì. Ó ti lẹ àwòrán Sójà mọ́ ògiri.

Màámi ò bá mi sọ̀rọ̀. Ṣùgbọ́n lónìí wọ́n bu oúnjẹ tèmi, wọ́n sì fi ẹran méjì sí i.

Ọjọ́ Àbámẹ́ta, 1 Oṣù Kọkànlá

Mo wọ ọkọ̀ lọ sí Ìkòyí. Owó ọkọ̀ ti lé. Jemima ń fi ọwọ́ òsì kọ A, B, D sórí ilẹ̀ lẹ́nu ọ̀nà. Ọwọ́ ọ̀tún ò tíì ṣeé pa dé. Bàbá rẹ̀ ń pọ́n àdá lẹ́yìn wa.

Mo rò pé ó yẹ kó gbọ́ ọ lẹ́nu mi. Mo sọ ohun tó ṣe Sójà fún un. Ó gbọ́, kò sunkún.

"Ṣé wọ́n mú ẹni tó gé e lẹ́sẹ̀?"

"Wọ́n mú un. Ó wà lẹ́wọ̀n."

"Ta ló wá gbé Sójà?"

"Àwọn kan láti Èkó. Wọ́n fi aṣọ funfun dì í. Wọ́n ń tọ́jú rẹ̀."

Ó ń ronú. Ó fi ìka pa D rẹ́, ó tún un kọ.

"Àǹtí Ìfẹ́, àwọn yẹn, ṣé wọn kì í gbé èèyàn?"

Mo ní, "Wọn kì í gbé èèyàn."

Ìró òkúta lára àdá dákẹ́. Bàbá rẹ̀ bi mí pé, "Ohun tó o sọ ní ṣọ́ọ̀ṣì yẹn, tí a bá dé ọ̀dọ̀ ìjọba ní Òṣogbo, ṣé o tún lè sọ ọ́?"

"Màá sọ ọ́, sà."

"Wọ́n tún lè wá dọ̀bálẹ̀."

"Bẹ́ẹ̀ ni, sà."

Ó fi àdá sílẹ̀. Ó ní kí n dúró sọ́dọ̀ wọn di ọjọ́ Ajé, ká jọ wọ ọkọ̀ àkọ́kọ́. Ó wọlé lọ wá ṣẹ́ẹ̀tì ọjọ́ Àìkú rẹ̀, ó sì gbé e jáde láti fọ̀.

Jemima fà mí láṣọ. "Ṣé Òṣogbo jìnnà ju ibi tí wọ́n gbé Sójà lọ?"

Mo ní kò jìnnà tó bẹ́ẹ̀.